Jíìpù Tó Ń Kúnlẹ̀ fún Ẹni Méjì

Agbo-ilé Alùfáà Mọ̀múdù,
Gàmbàrí, Ìlọrin.

Hidayat ọmọ mi,

Àsàlámù àlékúmù. Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ. Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Ṣé òtútù ẹ̀rọ tí wọ́n fi sínú ọ́fíìsì yín kò tíì wọnú egungun rẹ? Ilẹ̀ Àbújá tí o ń tẹ̀ kò ní yọ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀, Ọlọ́hun kò sì ní jẹ́ kí á sunkún ara wa. Àmín. Àwa náà ń bẹ níbí, òjò ti ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀, ewúrẹ́ tí o fún ìyá rẹ ti bí mẹ́ta, ọ̀kan nínú wọn sì ti jẹ ojú ewé mẹ́rin nínú ìwé kéú mi, láti ọjọ́ náà ni mo ti ń pè é ní Alùfáà Kékeré.

Ìwé ni mo kọ, n kò pè ọ́, nítorí ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti fóònù. Bí mo bá ń bá ọ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, mo gbọ́dọ̀ pariwo kí ohùn mi tó lè dé Àbújá, gbogbo agbo-ilé ló sì máa ń gbọ́, ìyá rẹ kò sì gbọ́dọ̀ gbọ́ èyí. Gàní ọkọ àbúrò mi, tó ń bá wa wa jíìpù, ni yóò gbé e fún dírẹ́bà kan ní gáréèjì. Tí dírẹ́bà náà bá ti fún ọ, fún un ní omi tútù, kó o sì lọ jókòó kó o tó tú u.

Mo tún dúpẹ́ jíìpù lọ́wọ́ rẹ. Gbogbo Gàmbàrí ló ti wá wò ó. Àbùkù kan ṣoṣo tó ní nígbà tó dé ni pé ó ga bí àjà, ẹsẹ̀ ìyá rẹ tó wú látàrí àìsàn kíndìnrín yìí kò sì lè gùn ún. A kọ́kọ́ dojú odó dé kó fi ṣe àtẹ̀gùn, odó yí, ìyá rẹ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ gbì, òun ń rẹ́rìn-ín, èmi ni mo ń sunkún. Bẹ́ẹ̀ ọsibítù kò ṣeé má lọ, torí gbogbo Àlàmísì ni wọ́n ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Mo ti kìlọ̀ fún nọ́ọ̀sì ibẹ̀ pé kí wọ́n má fọ ẹ̀jẹ̀ ìyá rẹ pọ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn, torí alágbàfọ̀ kan ti gbé agbádá mi fún ẹni tí n kò mọ̀ rí. Ó ní òun ti gbọ́.

Ìdí nìyẹn tí o fi ní kí n lọ bá Àbdùlgàfárù mẹkáníìkì ní Challenge, kí n yan ohun tí wọn yóò fi rẹ jíìpù náà sílẹ̀. Àwòrán mẹ́ta tí o fi ránṣẹ́, mo wò wọ́n dáadáa, mo tilẹ̀ fi ìka méjì fẹ̀ wọ́n bí o ṣe kọ́ mi títí àwòrán fi tóbi ju fóònù lọ, mo wá ìyókù rẹ̀ títí lórí ẹní, n kò rí i. Àbdùlgàfárù ló wá là mí lóye. Ó ní èkíní ni kí òun gé sípíríǹgì inú mọ́tò náà, owó rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n mọ́tò yóò máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́. Èkejì ni sípíríǹgì kúkúrú àti ṣọ́kì tó bá a mu, ìyẹn dára, àmọ́ tó bá ti wálẹ̀ kò ní gòkè mọ́ láéláé, gọ́tà Gàmbàrí yóò sì máa ha á níkùn. Ẹ̀kẹta ni àpò rọ́bà méjì tó ń gba afẹ́fẹ́, ọ̀kan lábẹ́ ẹ̀yìn lápá òsì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, pẹ̀lú páńpù kékeré kan. Èèyàn á tẹ rìmóòtù, mọ́tò á wálẹ̀ kí aláìsàn wọlé, wọ́n á tún tẹ̀ ẹ́, á dìde. Ẹ̀kẹta ni mo yàn, torí mo ti rí ràkúnmí ní Kánò, bó ṣe ń kúnlẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ gùn ún nìyẹn, mo sì ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìyàwó mi.

Àbdùlgàfárù wá gbé fọ́ọ̀mù kan fún mi. Ó fẹ́ mọ àwọn tí yóò máa jókòó sẹ́yìn àti apá tí kálukú yóò wà, kí òun lè mọ ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tí òun yóò fi sí àpò kọ̀ọ̀kan. O mọ̀ pé èmi kì í fi fọ́ọ̀mù ṣeré, nítorí ibi tí fọ́ọ̀mù ń lọ, a kì í mọ̀ ọ́n. Òdodo ni mo kọ: Husseinat lápá òsì, Hassanat lápá ọ̀tún.

Má bínú sí mi. Ìwọ náà mọ̀ pé ìbejì ni ìyá rẹ, pé Hassanat èkejì rẹ̀ kú ní ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, lọ́dún tí à ń múra ìgbéyàwó wọn. Láti àádọ́ta ọdún tí mo ti fẹ́ ìyá rẹ, n kò ra ìró kan ṣoṣo fún un rí, méjì ni, bí mo bá ra bàtà, ẹsẹ̀ mẹ́rin ni. Ohun tí a bá ṣe fún ọ̀kan, a gbọ́dọ̀ ṣe é fún èkejì, bó tilẹ̀ wà ní sàréè. Alùfáà ni mí, mo mọ ohun tí ìwé sọ nípa òkú, ṣùgbọ́n ọkọ ìbejì náà ni mí, èyí sì le ju iṣẹ́ alùfáà lọ. Àbdùlgàfárù kò bi mí ní nǹkan kan. Ó ka fọ́ọ̀mù náà, ó fi afẹ́fẹ́ obìnrin àgbàlagbà méjì sí i.

Ọjọ́ tó parí iṣẹ́, ó ní kí n jókòó sápá òsì kí òun fi dán an wò. Mo jókòó, ó fi tépù wọ̀n ọ́n láti táyà dé etí mọ́tò. Apá òsì wálẹ̀ ní ìka méjì, apá ọ̀tún kò mira. Ó ní bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Ní Àlàmísì, òun fúnra rẹ̀ wá sílé láti wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Gàní tẹ rìmóòtù, jíìpù mí hàà, ó kúnlẹ̀, ìyá rẹ sì wọlé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni dì í mú. Inú mi dùn, mo gbàdúà fún ọ títí ohùn mi fi há. Ìgbà náà ni Àbdùlgàfárù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó fi tépù wọ̀n ọ́n, tó tún un wọ̀n. Ìyá rẹ nìkan ló wà nínú mọ́tò, lápá òsì. Apá méjèèjì ló wálẹ̀ ní ìka méjì.

Ó ní kí ìyá rẹ sọ̀ kalẹ̀. Apá méjèèjì gòkè. Ó ní kó tún wọlé. Apá méjèèjì wálẹ̀ pọ̀, ní ìṣẹ́jú kan náà. Ó pa páńpù, ó tú wáyà bátìrì, ó fi ìfófòó ọṣẹ pa gbogbo ara páìpù bóyá afẹ́fẹ́ ń jò, kò sí èyí tó hó. Ó ṣí ilẹ̀kùn apá ọ̀tún, kò sí ẹrù níbẹ̀. Ó wá rọra bi mí pé ta ni Hassanat tí mo kọ sórí fọ́ọ̀mù. Mo sọ fún un. Ó kó irinṣẹ́ rẹ̀, kò dúró gba ìyókù owó rẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, n kò tíì rí mẹkáníìkì tó sá fún owó.

Mo ní irọ́ ni, mo ní òkú kì í wọ jíìpù. O mọ̀ mí, n kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ dẹ́rù bà mí. Ní Àtàláátà, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, mo ní kí ìyá rẹ jókòó sí àyè rẹ̀, èmi fúnra mi lọ jókòó sápá ọ̀tún, Gàní sì mú tépù dání. Mo sanra, o mọ̀ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ apá ọ̀tún kò lọ sílẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àfi bí ìgbà tí n kò wúwo rárá. Oòrùn ń ràn sára ilẹ̀kùn náà, bẹ́ẹ̀ àga ibẹ̀ tutù bí ẹní tí òjò pa. Ìyá rẹ wá kọjú sí mi, ó ní kí n jọ̀ọ́ kí n sún díẹ̀, pé mo ń jókòó lé ìró. Mo wo abẹ́ mi. Kò sí ìró kankan níbẹ̀. Mo sọ̀ kalẹ̀. Gàní ń sọ kiri pé mo sáré, irọ́ ló ń pa, mo kàn yára ni.

Ní Àlàmísì tó kọjá, a dé láti ọsibítù, ìyá rẹ sọ̀ kalẹ̀, apá òsì gòkè. Apá ọ̀tún kò gòkè. Títí mo fi ń kọ ìwé yìí kò tíì gòkè. Gàní tẹ rìmóòtù títí bátìrì rẹ̀ fi kú, páńpù náà á kùn díẹ̀, á dákẹ́. Mo ka àdúà sí omi, mo fi wọ́n táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó dúró bẹ́ẹ̀, ó fì sí ẹ̀gbẹ́ kan bí mọ́tò tí èèyàn wà nínú rẹ̀. Àwọn ewúrẹ́ tó máa ń sùn sábẹ́ rẹ̀ ti kó lọ sábẹ́ ògiri.

Ìyá rẹ kò bẹ̀rù. Lánàá lẹ́yìn ìrun alásárì, mo bá a lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ọ̀tún jíìpù náà, ó bu kókó sí kọ́ọ̀bù méjì. Mo bi í kí ló ń ṣe. Ó ní ṣé mo ti gbàgbé pé òun ni Kẹ́hìndé ni, pé Kẹ́hìndé ló máa ń rán Táíwò lọ tọ́ ayé wò. Ó ní òun wà nínú ikùn, òun ní kí Hassanat jáde lọ wò ó bóyá ayé dára, ó lọ, ó ké, òun fi mọ̀ pé ó dára, òun tẹ̀ lé e. Ó ní bẹ́ẹ̀ náà lòun tún ṣe lọ́dún tí Hassanat kú, òun ló rán an lọ wo ibẹ̀. Ó ní Hassanat ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà, ó ti wá jábọ̀ fún òun báyìí. Mo bi í pé kí ni Hassanat wí. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó kàn ní ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ yìí ti sú òun, pé ó lè má jẹ́ ọsibítù ni àwọn yóò gbà lọ ní Àlàmísì tó ń bọ̀.

Hidayat, ẹ̀rù ń bà mí. Kì í ṣe Hassanat ló ń bà mí lẹ́rù, ọmọ jẹ́jẹ́ ni, kò ṣẹ̀ mí rí. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé ìròyìn tó mú wá dára. Gàní ní kí á yọ àwọn àpò náà, ká fi sípíríǹgì kúkúrú sí i. Bí a bá yọ wọ́n, mo mọ ìyá rẹ, kò ní wọ mọ́tò tí kò ní àyè fún èkejì rẹ̀. Bí a bá fi wọ́n sílẹ̀, èmi kò mọ ibi tí wọ́n ń lọ. Ìwọ lo ní kí n yàn, mo ti yàn, n kò mọ èyí tí mo tún lè yàn mọ́.

Owó ọsibítù ti Àlàmísì kò tíì pé lọ́wọ́ wa, bá wa wá nǹkan sí i, kó o sì rántí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi. Má fi í ránṣẹ́ sí báńkì, torí wọ́n ní kí n mú ojú mi wá kí ẹ̀rọ wò ó, mo gbé e lọ, ẹ̀rọ ní kì í ṣe ojú mi. Mú owó náà dání wá fúnra rẹ. Ọlọ́hun yóò ṣọ́ ọ lọ́nà, málékà rere ni yóò bá ọ jókòó, ayọ̀ ni wàá bá nílé, àwọn ọmọ tí o bí kò ní fi ojú ẹkún wá ọ. Kó àwọn ọmọ náà lọ́wọ́, kí ẹ dé kó tó di Àlàmísì. Jókòó ti ìyá rẹ, di ọwọ́ rẹ̀ mú, kí o sọ fún un pé ibí náà dára.

Èmi ni bàbá rẹ,
Alùfáà Mọ̀múdù.