Ìrọ̀rí Mélòó Lẹ Fi Ń Sùn? Ìgbésí Ayé Dókítà Miriam Adéjọkẹ́ Ògúnlẹ́yẹ (1957–2025)

Ìpótì-Èkìtì ni wọ́n ti bí Dókítà Miriam Adéjọkẹ́ Ògúnlẹ́yẹ, ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹta ọdún 1957, sínú ìdílé Fámúrewá. Bàbá wọn, Olóògbé Pa Francis Fámúrewá, jẹ́ àgbẹ̀ kòkó àti ọmọ ìjọ Áńgílíkà. Ìyá wọn, Olóògbé Màmá Deborah, ọmọ Ayétòrò-Èkìtì ni. Dókítà Miriam, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, ni ìkẹta nínú ọmọ márùn-ún.

Pa Fámúrewá ní ẹ̀rọ kan tí wọ́n fi ń fín oògùn sí kòkó. Bí awọ tó ń ṣe ilẹ̀kùn inú rẹ̀ bá ti gbó, oògùn á máa padà sẹ́yìn dípò kó jáde, bó ti wù kí èèyàn fi agbára fà á tó. Màmá ló máa ń di ẹ̀rọ náà mú nígbà tí bàbá wọn bá ń pààrọ̀ awọ. Wọ́n máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn pé níbẹ̀ làwọn ti kọ́kọ́ mọ bí ọkàn ṣe ń ṣiṣẹ́: ó ń fà, ó ń tì, ilẹ̀kùn kéékèèké mẹ́rin ni kò sì jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ padà síbi tó ti ń bọ̀.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìpótì ní 1963, wọ́n parí ìwé mẹ́wàá ní Adó-Èkìtì ní 1974, wọ́n sì gboyè dókítà ní Ìbàdàn ní 1981. Ní 1984 ni wọ́n fẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Bámidélé Ògúnlẹ́yẹ, olùkọ́ ìṣirò, ọmọ Arámọ̀kọ-Èkìtì. Ní 1989 wọ́n di onímọ̀ ìjìnlẹ̀ nípa àrùn ọkàn. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni wọ́n fi tọ́jú aláìsàn, tí wọ́n sì fi kọ́ àwọn dókítà míì. Láàárín gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, wọn kò fi ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀.

Ohun tó ń dun Màmá ni pé ìwé ìwádìí ń jáde lọ́dọọdún, àwọn ará ilé sì ń kú lọ́dọọdún, ikú tí àwọn ìwé náà ti mọ bí a ṣe ń dènà rẹ̀. Wọ́n a máa sọ pé ìwádìí tí kò tíì dé ẹnu ọ̀nà Ìpótì kò tíì parí. Nítorí náà ni wọ́n ṣe padà sílé, sí Arámọ̀kọ ìlú ọkọ wọn, ní 2015. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́wàá láàárín èèyàn 1,140 ní Ìpótì, Ayétòrò àti Arámọ̀kọ. Àwọn èèyàn kan náà ni wọn yóò máa bẹ̀ wò nílé lọ́dọọdún, tí wọn yóò sì máa tọ́jú níbẹ̀.

Àṣìṣe ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè àkọ́kọ́ lórí ìwé wọn ni pé, ṣé ọkàn yín ń yọ yín lẹ́nu? Nínú igba èèyàn, kò sẹ́ni tó ní bẹ́ẹ̀ ni. Inú àwọn míì tilẹ̀ bí, wọ́n rò pé dókítà ń bi àwọn léèrè ẹ̀ṣẹ̀. Bàbá Ọlálékan, alàgbà ìjọ CAC ní Ìpótì, ló là wọ́n lójú. Wọ́n ní, "Dókítà, ọkàn tèmi ti wà lọ́wọ́ Jésù láti 1962. Ẹsẹ̀ tó wú yìí ni kẹ́ ẹ bi mí."

Màmá rẹ́rìn-ín títí, lẹ́yìn náà wọ́n dá iṣẹ́ dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Wọn kò ya ìwé igba náà dànù. Wọ́n kọ ọ́ sí orí rẹ̀ pé, "Àṣìṣe tèmi ni, kì í ṣe tiwọn." Nígbà tí wọ́n padà lọ, ìbéèrè ti yàtọ̀. Ìrọ̀rí mélòó lẹ fi ń sùn? Ṣé bàtà tó wọ̀ yín láàárọ̀ ṣì ń wọ̀ yín nírọ̀lẹ́? Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ máa ń sinmi kẹ́ ẹ tó gun òkè dé ṣọ́ọ̀ṣì? Ẹni tí agbára ọkàn rẹ̀ bá ti dín kù, omi á máa kóra jọ sínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, kò ní lè sùn gbalaja. Àfi kó gbé orí sókè kó tó lè mí. Nínú igba èèyàn kan náà, ìbéèrè yìí fi mọ́kàndínlógójì hàn, ẹ̀rọ tí a fi ń wo ọkàn sì jẹ́rìí sí mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Bàbá Ọlálékan wà lára wọn. Bàbá lo oògùn, wọ́n sì tún lo ọdún méje láyé.

Láti ìgbà náà ni ọjà Ìpótì ti ń pe Màmá ní Dókítà Onírọ̀rí. Wọ́n bá àwọn ṣọ́ọ̀ṣì sọ̀rọ̀ kí wọ́n máa fi í kún ìkéde pé ojoojúmọ́ là ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, kì í ṣe ọjọ́ tí orí bá fọ́ nìkan.

Màmá fúnra wọn wà nínú ìwádìí náà. Nọ́ńbà 417 ni wọ́n. Ìlànà tí wọ́n fi lélẹ̀ ni pé bí ẹnì kan bá kú, ẹbí rẹ̀ ni yóò dáhùn ìbéèrè ìkẹyìn. Nígbà tí wọ́n jáde láyé ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kọkànlá ọdún 2025, Nọ́ọ̀sì Joy, tó ti bá wọn ṣiṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, mú ìwé wá sílé. Ó béèrè iye ìrọ̀rí. Ọ̀gbẹ́ni Bámidélé ní, "Mẹ́ta. Mo rò pé ìwé ló fi ń kà."

Màmá mọ̀ pé agbára ọkàn wọn ti dín kù. Wọ́n ń lo oògùn, wọn kò kàn sọ fún ẹnikẹ́ni nílé, kí ẹnikẹ́ni má baà ní kí wọ́n jókòó. Ẹbí kò fi èyí pamọ́. Màmá bi odidi ìlú mẹ́ta ní ìbéèrè yìí, àwa tí a jọ ń gbélé kò sì bi wọ́n.

Ọdún kẹwàá ìwádìí náà ku èèyàn 388 tí a kò tíì bẹ̀ wò. Àwọn kan ti gba ẹbí nímọ̀ràn pé kí wọ́n kó ìwé náà dì, pé ọdún mẹ́sàn-án tó. Kò tó. Láìsí ọdún kẹwàá, a kò lè fi ìdánilójú sọ bóyá ìtọ́jú tí a gbé lọ bá èèyàn nílé ń fi kún ọjọ́ ayé rẹ̀, ohun tí Màmá sì jáde láti mọ̀ nìyẹn. Ẹbí ti pinnu láti parí rẹ̀. Dókítà Ayọ̀bọ́lá, ọmọ wọn tóun náà ń tọ́jú ọkàn, ti gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́. Òun àti Nọ́ọ̀sì Joy yóò bẹ̀rẹ̀ láti Ayétòrò ní ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀.

Màmá fi ọkọ wọn sáyé lọ, àti ọmọ mẹ́ta, Ayọ̀bọ́lá, Gbọ́láhàn àti Yínká, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ márùn-ún àti àbúrò méjì.

Ẹ̀yin tí orúkọ yín wà nínú ìwé náà, bí wọ́n bá kan ilẹ̀kùn yín, ẹ jọ̀wọ́ ẹ ṣí i. Ẹ má fi ohunkóhun pamọ́ fún wọn.

Miriam Adéjọkẹ́, ọmọ Fámúrewá, kí Olúwa gbà yín sínú ìsinmi rẹ̀. Ẹ sùn re o, Màmá. Iṣẹ́ ti wà lọ́wọ́ wa.