Kòkòrò Abẹ́ Igi Fúrúùtù

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Igi fúrúùtù tí ẹ gbìn sẹ́yìn ilé wa n'Ìbà ṣì wà lórí ìdúró, àmọ́ díẹ̀ ló kù kí Bọ̀dá Wásíù, àbúrò yín, gé e. Láti ìgbà tí a ti sin yín, n kì í ráàyè gbá abẹ́ rẹ̀ bí ẹ ṣe máa ń gbá a láràárọ̀ kí ẹ tó mu ẹ̀kọ. Ewé gbígbẹ ti kún ibẹ̀. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́, àfòpiná kéékèèké á fò sókè, wọ́n á tún bà sórí ewé, n ò sì ní rí wọn mọ́.

Bọ̀dá ní kòkòrò ti ń jẹ igi náà, pé ó máa wó lulé. Wọ́n ti bá àwọn agégi sọ̀rọ̀ l'Ájàngbádì kí wọ́n tó sọ fún mi. Kí ló ń lé wọn léré? Bàbá, ara fu mí.

Mo ṣa ewé gbígbẹ tí ẹyin kòkòrò wà lára rẹ̀ sínú ike kí n lè mọ ohun tí wọ́n ń jẹ, mo fi nẹ́ẹ̀tì bò ó. Ẹyin náà rí roboto, kò tóbi ju orí píìnì lọ. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, kòkòrò tín-ín-rín aláwọ̀ ilẹ̀ jáde. Mo fún un ní ewé tútù, kò jẹ ẹ́. Ewé tó ti ń jẹrà ló ń jẹ. Nígbà tó yá, ó fi òwú ẹnu rẹ̀ so ewé pọ̀ mọ́ra, ó sùn sínú rẹ̀. Àfòpiná ló padà jáde, kò ju èékánná mi lọ, ó ní àwọ̀ ewé gbígbẹ, ìlà dúdú wíwọ́ wà lórí ìyẹ́ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì yọ síwájú bí imú.

Mo gbé ike náà lọ bá Bọ̀dá ní ṣọ́ọ̀bù wọn l'Álàbá.

“Bọ̀dá, ewé tó ti já nìkan ni àwọn kòkòrò yìí ń jẹ. Wọn ò ṣe igi ní nǹkan kan.”

Wọn ò tiẹ̀ wo inú ike. “Ìwé ilẹ̀ ńkọ́? Ṣé ọwọ́ ẹ ló wà?”

“Kí ni igi fẹ́ fi ìwé ilẹ̀ ṣe?”

Ohùn wọn lọ sílẹ̀. Wọ́n ní ẹnì kan fẹ́ ra ẹ̀yìn ilé, kò sì fẹ́ igi níbẹ̀. Mo ní a ò tà á. Lọ́jọ́ kejì, mo gbé ìwé náà lọ fún lọ́yà pé kó bá mi tọ́jú rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa tà á. Àwọn agégi ò wá mọ́.

Bọ̀dá ṣì ń wá kí mi. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á béèrè bóyá mo ti jẹun. Mo máa ń dá wọn lóhùn dáadáa, àmọ́ ibi tí mo ti lè rí ọwọ́ wọn ni mo máa ń jókòó sí. Bàbá, ṣé bí wọ́n ṣe rí láti kékeré nìyí, tí ẹ ò sọ fún mi?

Èmi ni,
ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó ń bá yín ṣọ́ ilé.