Orúkọ Tó Wà Lẹ́yìn Kùránì

Yàrá Kẹrin, Ilé Àlàájì Roheem,
Àjíbọ́dẹ, Ìbàdàn.
Ọjọ́ Ajé, 18 oṣù Karùn-ún, 1992.

Màámi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti òkèèrè kí n tó gbé bíírò sórí ìwé yìí. Ṣé ara yín le? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn yín ti fúyẹ́ díẹ̀? Èmi wà láàyè, ara mi sì le. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró díẹ̀ lórí gbólóhùn yẹn kí ẹ tó máa kà á lọ, torí òun gan-an ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Láràárọ̀, bí wọ́n bá ti kírun àsùbáà tán ní mọ́ṣáláṣí ẹ̀yìn ilé wa, mo máa ń gbé garawa lọ sí ìdí kànga. Mo máa ń tètè lọ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yòókù tó jí, torí wọ́n ń fi bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Mo máa yí páànù tí wọ́n fi dé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo máa fi ọwọ́ òsì di etí kànga mú, mo máa bẹ̀rẹ̀ wo ìsàlẹ̀. Okùn garawa náà ní kókó mẹ́sàn-án. Bí ìkeje bá ti kọjá lọ́wọ́ mi, mo mọ̀ pé ó ti kan omi. Ṣùgbọ́n kí n tó sọ ọ́ sílẹ̀, mo máa ń dúró kí omi náà rọlẹ̀, kí n lè rí ojú mi. Mo máa ń sọ pé, "Zubaidah, o jí bí?" Lọ́jọ́ mìíràn, títí ilẹ̀ fi máa ṣú, kò sí ẹlòmíràn tó máa pe orúkọ mi.

Ẹ rántí pé mo kọ̀wé sí yín pé ẹ̀ka wa ní yunifásítì mú èmi àti akẹ́kọ̀ọ́ kan láti lọ lo ọdún kan ní ìlú Faransé. Ìwé ìrìnnà nìkan ló kù. Bí kò bá tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́ kí oṣù Kẹfà tó parí, wọ́n á fi ẹlòmíràn dípò mi. Níbi tí wọ́n ti ń ṣe é, wọ́n béèrè ìwé ìbí. Mo ní ó jóná mọ́ ṣọ́ọ̀bù Bàbá ní Abidjan, pẹ̀lú gbogbo ìwé tiwọn. Wọ́n ní kí n gba ìwé ọmọ ìbílẹ̀ wá láti ìlú Bàbá mi, kí àgbàlagbà kan nínú ẹbí sì bá mi búra ọjọ́ orí ní kóòtù.

Ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, akọ̀wé kan ń jẹ ẹ̀pà. Bó ti gbọ́ ohùn mi, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Sísítà Àgànyìn, irú Yorùbá yìí, ṣé ọ̀dọ̀ wa níbí lẹ ti kọ́ ọ?" Mo ní Làmídì ni Bàbá mi, láti Abà Ògúnbọ̀dé, lẹ́yìn Lálúpọn. Ó ní, "Ta ló mọ̀ ẹ́ níbẹ̀?" Mo ní n kò tíì dé ibẹ̀ rí. Ó pa ẹ̀pà kan sí i, ó ní, "Ẹni tí ará ilé ẹ̀ ò bá mọ̀, ìjọba náà ò mọ̀ ọ́n. Lọ bá baálé yín, kó wá tẹ̀ka."

Màámi, mo mọ̀ pé ẹ kìlọ̀ fún mi. Lọ́jọ́ tí mò ń bọ̀, ẹ ní kí n gbájú mọ́ ìwé mi, kí n má wá ará ilé Bàbá kankan lọ. Ẹ foríjì mí. Mo lọ lọ́jọ́ Sátidé. Mo wọ bọ́ọ̀sì dé Lálúpọn, mo gun ọ̀kadà gba àárín oko ẹ̀gẹ́ kọjá títí mo fi ń gbọ́ òórùn gàrí tí wọ́n ń yan. Àwọn obìnrin mẹ́ta ń bó ẹ̀gẹ́ níwájú ilé. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, wọ́n dáhùn, mo sì sọ ẹni tí mo jẹ́. Ọ̀bẹ wọn dúró lẹ́ẹ̀kan náà.

Bàbá Sàníù, ẹ̀gbọ́n Bàbá, ni baálé níbẹ̀. Wọ́n jókòó lórí awọ àgbò, wọ́n ń ka tẹ̀sùbáà. Mo ní Zubaidah ọmọ Làmídì ni mí. Ìka wọn dúró lórí ìlẹ̀kẹ̀. Wọ́n ní, "Zubaidah wo?" Ẹnì kan gbé omi wá fún mi, kò fà á lé mi lọ́wọ́, ó gbé e sílẹ̀ lókèèrè, ó sì fi ẹ̀yìn rìn padà. Bàbá Sàníù ní, "Làmídì bí Zubaidah kan lóòótọ́. Ó gbé e wá sílé pé ká bá òun tọ́ ọ. Ibà ló pa á, lọ́gbẹlẹ̀ ọdún 1971. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi gbẹ́ ilẹ̀ tá a sin ín sí." Wọ́n wò mí títí. "Ìwọ ọmọ yìí, níbo lo ti ń bọ̀?"

Ẹ̀yin ni ẹ máa ń pè mí ní àkọ́bí yín. Ẹ kò sọ fún mi rí pé ẹnì kan ti jẹ́ orúkọ mi ṣáájú mi. Mo jókòó síbẹ̀, n kò sì na ọwọ́ sí omi náà. Bàbá Sàníù ní àwọn ò lè tẹ̀ka fún òkú. Wọn ò fi ìbínú sọ ọ́. Bí ẹni tó ń bẹ̀ mí pé kí n jọ̀ọ́ kí n máa lọ ni wọ́n ṣe sọ ọ́. Mo gbọ́ tí obìnrin kan sọ lẹ́yìn mi, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, pé, "Àkúdàáyà ni. Irú wọn kì í dúró bí wọ́n bá ti fojú kan ará ilé." Mo rí i pé gbogbo wọn ń wò mí, wọ́n ń retí pé kí n pòórá.

Ìgbà náà ni Ìyá Rùkáyátù jáde láti inú yàrá wọn. Àbúrò ìyá Bàbá ni wọ́n. Ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́. Iyọ̀ wà ní àtẹ́lẹwọ́ wọn. Wọ́n ní, "Lá a. Òkú kì í lá iyọ̀." Mo lá a. Wọ́n fi ìka kan ọ̀fun mi, wọ́n dúró títí mo fi gbé e mì. Lẹ́yìn náà, wọ́n fọwọ́ pa iwájú orí mi, wọ́n pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, wọ́n dé etí òsì. Ẹ mọ ibi tó gé níbẹ̀, tí ẹ ní àkùkọ ló ṣá mi jẹ nígbà tí mo wà ní ìkókó. Ìka wọn dúró síbẹ̀, ó bọ́ sínú rẹ̀ bí kọ́kọ́rọ́.

Wọ́n ní, "Èmi ni mo gé ibí yìí." Wọ́n sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òun ló ran aṣọ kan. "Kí àwọn àlùfáà tó wá wẹ òkú ẹ̀ ni mo ti fi abẹ gé e, kí n lè dá a mọ̀ bó bá tún padà wá. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, títí kan Làmídì. Ọlọ́run á foríjì mí." Wọ́n yí sí baálé. "Sàníù, tiwa ni. Ó kàn pẹ́ lọ́nà ni."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín ayọ̀. Obìnrin tó pè mí ní àkúdàáyà ló kọ́kọ́ dì mọ́ mi, ó sì fi oríkì ọmọ yẹn kí mi. Ó ní, "Àjò tó o lọ yìí mà jìn o, Àjíkẹ́." Wọ́n fa omi lé mi lọ́wọ́. Ó ti tó oṣù mẹ́rin tí ẹnikẹ́ni ti dì mọ́ mi gbẹ̀yìn, Màámi, mo sì sunkún. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń sunkún ni mo ń kíyè sí wọn, mo sì rí i pé kì í ṣe èmi ni wọ́n ń kí káàbọ̀. Wọ́n ní ṣé mo ṣì fẹ́ràn àgbọn. Wọ́n ní ṣé mo rántí òkúta tí mo máa ń jókòó lé. Wọ́n mú ẹ̀gbà ọwọ́ kékeré kan jáde, wọ́n ní tèmi ni. Kò gba ìka mẹ́ta mi.

Bàbá Sàníù mú mi lọ sẹ́yìn ilé, lábẹ́ igi ìyeyè kan, wọ́n fi ọ̀pá hàn mí. Ilẹ̀ tó tẹ́jú lásán ni. Mo ní, "Ṣé ibí yìí ló wà?" Wọ́n mi orí. Wọ́n ní, "Ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Ṣé ìwọ rèé." Wọ́n rẹ́rìn-ín sí mi tìfẹ́tìfẹ́, wọ́n sì gba orí ilẹ̀ náà kọjá padà sínú ilé.

Ìwé tí gbogbo ọ́fíìsì ń béèrè lọ́wọ́ mi wà ní abà yẹn láti ọjọ́ yìí wá. Ẹ̀yìn Kùránì àtijọ́ kan ni wọ́n ń kọ orúkọ ọmọ ilé sí bí wọ́n bá bí wọn. Wọn kì í kọ ọjọ́ ikú síbẹ̀. Bàbá Sàníù fi ìka tọ ìlà kan, wọ́n kà á: Zubaidah ọmọ Làmídì, oṣù Rajab, ọdún 1388. Wọ́n ní ó bọ́ sí 1968. Wọ́n ní ìyẹn ni àwọn máa mú lọ sí kóòtù lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, tó jẹ́ ọ̀la, láti fi búra fún mi. Mo ní Abidjan ni wọ́n ti bí mi, lóṣù Kẹwàá, ọdún 1972. Wọ́n rọra pa Kùránì náà dé. Wọ́n ní, "Ọmọ kan náà ni. Ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ bí ẹ la kọ. Mi ò lè búra ohun tí ojú mi ò tó."

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Leah tó wà ní yàrá kẹta, ẹni kan ṣoṣo tó máa ń kí mi nínú ilé yìí, ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní, "Ọjọ́ orí ìjọba yàtọ̀ sí ọjọ́ orí ilé. Ta ni kò tíì búra tiẹ̀? Bí kò bá bá ìwé ẹ̀rí rẹ mu, wàá tún búra òmíràn tó máa tún un ṣe." Òótọ́ lè wà níbẹ̀. Gbogbo ohun tí mo nílò láti dé ìlú Faransé ni kí n sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n láti Sátidé ni mo ti ń rò ó. Ọmọ yẹn ní ìlà kan nínú ìwé, èmi kò ní. Bí mo bá fi tirẹ̀ búra, òun á di ẹni tí kò kú, èmi á di ẹni tí wọn ò bí rí.

Ohun kan wà tí n kò sọ fún Leah. Láàárọ̀ yìí, mo yí páànù sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo dúró kí omi rọlẹ̀. Mo rí ojú náà. Mo yí orí sọ́tùn-ún, mo yí i sósì. Màámi, etí méjèèjì ló pé. Mo fọwọ́ kan tèmi, ibi tó gé ṣì wà níbẹ̀. N kò pe orúkọ kankan sínú kànga lónìí.

Múyì, tó máa ń ra aṣọ ní Abidjan, ń lọ lọ́jọ́ Sátidé. Òun ló máa mú lẹ́tà yìí dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ fúnra yín kà á, ẹ má fún ẹnikẹ́ni bá yín kà. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ bí mi sínú ìwé, àti ibi tí ẹ bí mi sí, kí ẹ fún un mú padà wá. N kò bínú sí yín. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù bà yín pé wọ́n lè pè mí padà síbi tí wọ́n ti sin òun.

Kí Ọlọ́run dá yín sí fún mi. Kí ẹsẹ̀ yín gbé yín wá sí ìgbéyàwó mi. Kí oorun ọmọ tó lọ láìdágbére fún yín dùn, kí èmi tó kù sì pẹ́ lọ́dọ̀ yín.

Èmi ni ọmọ yín kejì,
Zubaidah.

Mo tún rántí: Ẹ jọ̀ọ́, ṣé àkùkọ ni lóòótọ́? Ohunkóhun tí ìdáhùn yín bá jẹ́, ọ̀la ni kóòtù, kò sì lè dé bá mi. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ ni n óò wọ̀ lọ sí Lálúpọn. N óò kọ́kọ́ dé abẹ́ igi ìyeyè, n óò kí i, kí ó mọ̀ pé ẹnì kan mọ̀ pé ó ṣì wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, n óò bẹ Bàbá Sàníù kí wọ́n kọ Zubaidah kejì sí abẹ́ ti àkọ́kọ́, kí wọ́n kọ 1972 sí i. Bí wọ́n bá kọ ọ́, a ó jọ lọ sí kóòtù. Bí wọn ò bá kọ ọ́, n kò ní búra, kí ìlú Faransé máa lọ. Ṣùgbọ́n kí n tó kúrò nílé, n óò fa omi mi láìwo inú kànga.