Ìyẹ̀fun Àkọ́kọ́ Láti Inú Ọlọ Bàbá

Puchilcán, Erékùṣù Chiloé,
Ọjọ́bọ̀, oṣù kọkànlá.

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà, Ercira,

Mo kí yín láti erékùṣù wa tí òjò kì í dá. Mo mọ̀ pé òtútù Punta Arenas kì í ṣeré, àdúrà mi sì ni pé kí lẹ́tà yìí bá yín nínú ara líle, kí ìka ọwọ́ yín tó máa ń wú níbi iṣẹ́ ẹja ti sàn, kí oorun yín sì máa dùn. Àwa náà wà. Bàbá ń jẹun dáadáa, àfi ojú rẹ̀, èyí tí mo máa sọ nípa rẹ̀ tó bá yá.

Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti di aya Belarmino. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí ni mò ń rẹ́rìn-ín. Bí mo bá jí láàárọ̀ tí mo rí i tó ń ki igi bọ ààrò, tó ń kọ orin tí kò mọ̀ ọ́n kọ, inú mi á dùn débi pé n ó gbàgbé ohun tí mo dìde fẹ́ ṣe. Òjò rọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó látàárọ̀ ṣúlẹ̀, kò sì sẹ́ni tó kà á sí. Àwọn àlejò jẹ ẹran àgùntàn, wọ́n jẹ milcao tí ìyá ọkọ mi fi ọ̀dùnkún dín, wọ́n mu ọtí ápù, wọ́n jó títí pákó ilẹ̀ fi ń mì. Ṣùgbọ́n àga kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó lé. Ó gbé fìlà rẹ̀ sórí àga náà. Kò sẹ́ni tó bi í pé ta ló ni àga.

Ẹ ti gbọ́ pé wọ́n tún ọlọ olómi wa ṣe. Nígbà tí ẹ máa fi lọ, òrùlé rẹ̀ ti wó, ẹ̀gún sì ti bo àgbá kẹ̀kẹ́ tí omi ń yí. Gbogbo abúlé ló jáde ṣe ọ̀wẹ̀: wọ́n gbé òpó tuntun, wọ́n kan òrùlé, wọ́n gbẹ́ ojú omi. Bàbá nìkan ló gé ojú òkúta méjèèjì. Gbogbo ìgbà òtútù ló fi jókòó tì wọ́n pẹ̀lú òòlù ẹlẹ́nu ṣóńṣó, tó ń la ìlà sí wọn lára. Nígbà tó parí, tí àwọn ará abúlé ní kó ṣí omi kí àwọn gbọ́ ohùn ọlọ, ó ní, "Ẹ ní sùúrù. Ercira ń bọ̀ nígbà ooru." Ẹ kúkú mọ àṣà ilé ọlọ, pé àkọ́bí ló ń da àlìkámà sí òkúta tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé. Ó ti gbé àpò kan sílẹ̀ dè yín, ó fi òwú pupa tí ẹ máa ń lò nígbà tí ẹ wà nílé ọlọ so ó lẹ́nu.

Ní ọjọ́ Ajé, Bàbá wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Castro kí dókítà lè wo ojú rẹ̀. Mo mú kọ́kọ́rọ́ lára ìṣó, mo mú ọkọ mi lọ wo ọlọ. Wíwò nìkan ló wà lọ́kàn mi. Belarmino tó ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe fọwọ́ kan gbogbo nǹkan, ó wá bi mí pé báwo ló ṣe máa ń dún. Mo fi ẹnu ṣe é fún un. Ó ní, "Ìyàwó mi, àgùntàn tí inú ń run lo ṣe yẹn." A rẹ́rìn-ín títí. Inú mi dùn jù, ẹ̀gbọ́n mi, lọ́jọ́ yẹn kò sí ohun tó jọ èèwọ̀ lójú mi. Mo fa pákó tó dá omi dúró.

Kẹ̀kẹ́ yí. Ilé mì tìtì bó ṣe máa ń mì nígbà tí Màámi wà láyé, mo sì di ọkọ mi mú, mo ń pariwo pé ṣé ó gbọ́ ọ. Ìgbà yẹn ni òórùn bíi ti ìbọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yìn gba ilé, iná sì ń ṣẹ́ lábẹ́ òkúta. Mo ti gbàgbé pé kò sí hóró kan láàárín wọn. Òkúta ń lọ òkúta, iṣẹ́ ọwọ́ Bàbá ni wọ́n sì ń jẹ. Pákó omi náà ti wú, Belarmino tì í títí, kò wọlé. Ohun kan ṣoṣo tó kù ni kí n wá nǹkan fún òkúta jẹ. Mo já òwú pupa yẹn. Mo da àlìkámà yín sí i.

Bàbá ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ tó gbé e bọ̀ láti Castro, ó sì gbọ́ ohùn ọlọ láti ẹ̀bá òkun. Ọ̀pá rẹ̀ la padà rí lójú ọ̀nà, ó ti sọ ọ́ nù kó lè yára. Ó gba ẹnu ọ̀nà wọlé, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ó ń rẹ́rìn-ín bí n kò ṣe rí i kó rẹ́rìn-ín láti ìgbà tí a ti sin Màámi. Ó ní, "Ercira? Ọmọ mi, o ò tiẹ̀ ránṣẹ́ pé o ń bọ̀."

Belarmino ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Mo ní, "Èmi ni, Bàbá. Nolfa ni."

Ẹ̀rín náà kò tètè kúrò lójú rẹ̀. Ó dúró síbẹ̀ bí ohun tó gbàgbé láti gbé sílẹ̀. Ó wá fi gìgísẹ̀ gbá pákó omi lẹ́ẹ̀kan, pákó náà wọlé, gbogbo nǹkan dákẹ́. Ó bu ìyẹ̀fun, ó fi ìka pa á pọ̀. Ó ní, "Ẹ gbé e fún ẹlẹ́dẹ̀." Mo rò pé ìbínú ni. Ó ní, "Èyí tó bá kọ́kọ́ jáde lára òkúta tuntun, ẹ̀rún òkúta wà nínú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ilé ìwé nìwọ wà nígbà yẹn." Kò fi bú mi rárá. Ó wá kọjú sí ọkọ mi: "Ìwọ elẹ́ńjìnnì, o ò gbóòórùn pé nǹkan ń jó ni?" Belarmino ní, "Bàbá, mo rò pé bó ṣe máa ń rùn nìyẹn." Bàbá bú sẹ́rìn-ín. Èmi ni mo sunkún.

Àwọn ọkùnrin abúlé ti gbé òkúta òkè kúrò. Bàbá fi àtẹ́lẹwọ́ wá ibi tó ti dán, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í gé e padà. Ọwọ́ ló fi ń ríran. Àná, ó fi òòlù ṣe ìka ara rẹ̀ léṣe, kò sì jẹ́ kí Belarmino gbà á. Dókítà ní ojú kan ti lọ, ìkejì kò sì ní pẹ́ tẹ̀ lé e. Bàbá ní n kò gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sí yín, kí ẹ má baà torí rẹ̀ fi iṣẹ́ sílẹ̀. Mo ti wá kọ ọ́ báyìí.

Nígbà tí Màámi kú, ẹ̀yin lẹ fi ilé ìwé sílẹ̀ tí ẹ lọ dúró ti ọlọ, tí mo fi kàwé tí mo fi mọ lẹ́tà yìí kọ. Ẹ lọ sí ọ̀nà jíjìn, èmi ni mo ṣègbéyàwó nílé. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n tọ́jú dè yín, èmi náà ni mo tú u. Èyí tó wá burú jù ni pé inú mi ṣì ń dùn. Bí mo bá gbọ́ ẹsẹ̀ Belarmino lẹ́nu ọ̀nà, n ó rẹ́rìn-ín, n ó sì rántí ojú Bàbá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wálé. Bí ẹ bá fẹ́ bú mi, ẹ wá bú mi níbí.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ yín lórí òkun àti lórí ilẹ̀. Kó mú kí ọ̀gá yín fún yín láàyè láìjanpata. Kí ojú tó ń retí yín rí yín.

Èmi ni àbúrò yín tí ojú ń tì, tó sì fẹ́ràn yín,
Nolfa.

Mo tún rántí: ìyẹ̀fun díẹ̀ wà nínú bébà tí mo ká sínú lẹ́tà yìí. Ẹ má jẹ ẹ́, ẹ̀rún òkúta wà nínú rẹ̀. Ẹ kàn gbóòórùn rẹ̀. Bàbá ti gbé àpò àlìkámà mìíràn sẹ́bàá ọlọ, òun fúnra rẹ̀ ló so ó. Ó bi mí bóyá òwú tí mo fún un pupa. Pupa ni.