Ojúlé Kẹrìnlá

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o, ohùn yín kò ní gbẹ. Ẹ má dárúkọ mi lórí afẹ́fẹ́. Baba Lẹ́tà ni kí ẹ pè mí, torí lẹ́tà pínpín ni mo ṣe fẹ̀yìn tì. Mo ti pé ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin, dókítà sì ní ọpọlọ mi ṣì jí pépé. Àwọn ọmọ mi a máa kó àlejò wá, kí n dárúkọ ẹni tó gbé ojúlé kọ̀ọ̀kan ládùúgbò wa láyé àtijọ́.

Ọ̀rẹ́ mi télọ̀ nìkan ló máa ń bá mi jiyàn: “Irọ́ lo pa, àgbàyà!” Ó kú lọ́dún tó kọjá.

Lọ́jọ́ Àìkú, mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣì í sọ. Mo ní ojúlé kejìlá ni télọ̀ gbé, bẹ́ẹ̀ kẹrìnlá ni. Ṣe ni gbogbo wọn pàtẹ́wọ́! Wọ́n lọ tán, ó ku èmi àti àga mẹ́fà.

Ẹ bá mi bi àwọn olùgbọ́ yín: ṣé kò wá ku ẹnì kan tó lè pè mí ní òpùrọ́ mọ́ ni?