Mo Lọ Bá Ọ Tọrọ Òmìnira Lọ́wọ́ Ọ̀gá Rẹ

Ọmọ mi ọ̀wọ́n, Oníbéèrè,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara le, ṣé o ń rí oorun sùn, ṣé òrùlé yàrá rẹ ò jò mọ́? Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ìwé yìí bá ọ lórí àìsàn, kó bá ọ níbi tí o ti ń jẹun. Àwa náà ń bẹ níbí. Ìyá rẹ ń kí ọ, orúnkún rẹ̀ náà ń kí ọ, torí kò jẹ́ ká gbàgbé pé òun wà nílé. Pẹ́ńsùlù ṣọ́ọ̀bù ni mo fi ń kọ èyí, bírò ti gbẹ. Bí o bá rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti sanra, ẹnu pẹ́ńsùlù ló kú, kì í ṣe pé inú ń bí mi.

A gba ohùn rẹ tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù. Mo fẹ́ kí o mọ̀ pé mo dá ọ lóhùn. Mo kí ọ, mo bi ọ́ bóyá o ti jẹun, ṣùgbọ́n tìẹ lò ń sọ lọ, o ò tilẹ̀ dúró kí n parí ọ̀rọ̀. Mo ní kí ìyá rẹ tún un tẹ̀, mo sì yára sọ tèmi kó tó dé ibi tí o ti sunkún, síbẹ̀ ibi tí o ti sunkún tẹ́lẹ̀ náà lo tún ti sunkún. Ẹ̀gbọ́n rẹ ti ṣàlàyé fún mi pé o ò sí nínú ẹ̀ lásìkò yẹn. Mo gbọ́. Àmọ́ ẹni tí ò sí níbẹ̀, báwo ló ṣe ń sunkún tó bẹ́ẹ̀?

Ohun tí a gbọ́ ni pé ẹ̀rọ tó ń mú kí àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ò ń tọ́ nínú àwo gíláàsì móoru bàjẹ́ ní òpin ọ̀sẹ̀, pé nígbà tí o fi débẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé gbogbo wọn ti kú, pé gbogbo ẹ̀ ti sú ọ, bí oṣù yìí bá ti parí o ó kó ẹrù rẹ wálé, o ò ka ìwé mọ́. Ìyá rẹ ò gbọ́ nǹkan kan mọ́ lẹ́yìn ibi tí o ti ní gbogbo wọn ti kú. Ó mọ̀ pé ò ń fún wọn lóúnjẹ, ó sì mọ̀ pé torí wọn ni o ò ṣe wálé lọ́dún tó kọjá, nígbà tí o ní kò sẹ́ni tó máa bá ọ mójú tó wọn. Ó bú sẹ́kún. Aránṣọ ẹ̀gbẹ́ ilé wa gbọ́, ó wá bá wa kẹ́dùn, oníbúrẹ́dì náà wá. Wọ́n jókòó sórí àga tuntun tí oníbàárà ò tíì wá gbé. Aránṣọ bi mí bóyá àgbà ni wọ́n àbí ọmọdé. Mo ní mi ò mọ̀, pé o ti sọ fún mi rí pé ojú lásán ò lè rí wọn. Oníbúrẹ́dì wá ní ó dáa bẹ́ẹ̀, pé ọ̀rọ̀ náà ì bá nira jù báyìí lọ ká ní a ti mọ ojú wọn. Wọ́n ní kí o mọ́kàn le.

Ìyá rẹ ti gbá yàrá rẹ, mo sì ti kó pákó mi kúrò níbẹ̀. Inú mi dùn pé ò ń bọ̀, mi ò ní parọ́ fún ọ. Ilé yìí ti dákẹ́ jù. Nígbà tí o wà lọ́mọdé, o ò jẹ́ kí n kan ìṣó kan láì béèrè ìdí tí igi fi ń là, ìdí tí gọ́ọ̀mù fi ń di nǹkan mú, ìdí tí pákó tútù fi ń wúwo. Nígbà míì mo máa ń fi ìṣó sẹ́nu kí n má bàa lè dá ọ lóhùn. Báyìí, kò sẹ́ni tó ń bi mí ní nǹkan kan àfi ìyá rẹ, ìgbà tí n ó parí iṣẹ́ nìkan ni òun sì ń béèrè.

Ṣùgbọ́n mo rò ó. Mo ti kọ́ ọmọ níṣẹ́, mo mọ bó ṣe ń rí. Ọmọ iṣẹ́ kì í ṣàdédé kẹ́rù kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá. Òbí rẹ̀ ló máa wá, á dúpẹ́, á sì tọrọ òmìnira rẹ̀. Ọdún tí o ti lò lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ ti ju ti ẹnikẹ́ni tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi lọ, àwọn yẹn sì ti ń gba ọmọ iṣẹ́ tiwọn. Ohun tó tún fu mí lára ni owó tí ilé ìwé ń san fún ọ lóṣooṣù. Mi ò gbọ́ ọ rí pé ọ̀gá ń sanwó fún ọmọ kó lè máa kọ́ṣẹ́. Mo ní ó dájú, ọ̀gá yìí ò fẹ́ kí o lọ ni. Mo bá wá nọ́ńbà tí o fi pè wá lọ́jọ́ tí fóònù rẹ já sómi, èyí tí o ní ti ọ̀gá rẹ ni. Mo ṣí fìlà, mo wọ bàtà tó dáa, mo pè wọ́n. Ìyá rẹ ní wọn ò rí bàtà. Mo ní èmi rí i.

Ọ̀gá rẹ gbé e. Mo dúpẹ́ pé wọ́n mú ọ bí ọmọ, mo ní bó bá jẹ́ pé ìwọ lo ba ẹ̀rọ wọn jẹ́, kí wọ́n forí jì ọ́, kí wọ́n jọ̀ọ́ dá ọ sílẹ̀, pé mo ṣe tán láti kan àga fún wọn, kí wọ́n kàn sọ irú igi tí wọ́n fẹ́. Wọ́n wá ní àwọn ò dè ọ́ mọ́lẹ̀. Wọ́n ní iṣẹ́ tí o ti ṣe kí ẹ̀rọ tó bàjẹ́ ti tó, pé ó ti pẹ́ tí àwọn ti ń sọ pé kí o jókòó kọ ọ́ sílẹ̀, pé ìwọ lo ní o fẹ́ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i kó lè dá ọ lójú. Àwọn tó kú yẹn, ti ẹ̀ẹ̀kan sí i yẹn ni wọ́n. Mo ní kí wọ́n tún un sọ kí ìyá rẹ gbọ́, wọ́n tún un sọ. Ìyá rẹ wo tábìlì tí mo ti ń fá láti ìgbà òjò, ó wá wò mí.

Inú mi kọ́kọ́ bàjẹ́ díẹ̀, torí mo ti kó pákó kúrò ní yàrá. Mo wá bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń ṣe ayẹyẹ òmìnira níbi iṣẹ́ tiyín. Wọ́n ní bí o bá ti kọ ọ́ tán, èèyàn márùn-ún máa jókòó nínú yàrá kan, wọ́n á máa bi ọ́ ní ìbéèrè títí á fi tó wọn. Mo ní, ìwọ? Wọ́n ní, ìwọ. Ọmọ mi, mo rẹ́rìn-ín débi tí ìyá rẹ fi gba fóònù lọ́wọ́ mi. Òun ló bi wọ́n bóyá òbí lè wà níbẹ̀. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni lè jókòó sẹ́yìn, kó ṣáà má sọ̀rọ̀.

Nítorí náà, mi ò ní kí o má wálé. Bó bá jẹ́ pé o ṣì fẹ́ kó ẹrù rẹ, máa bọ̀, ilẹ̀kùn ń ṣí. Ṣùgbọ́n bó o bá bi mí, kọ ọ́ ná. Má tún tọ́ òmíràn, jẹ́ kí àwọn tó lọ sinmi.

Bí ọjọ́ yẹn bá ku díẹ̀, bá wa wá owó ọkọ̀, èmi àti ìyá rẹ. Má fi sí báńkì, mi ò mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀ tó máa bá mi gbà á sílẹ̀. Fi rán ẹni tó ń bọ̀ wálé. Má ṣe ìyọnu àga. Mo ti ń kan àpótí kékeré kan tí n ó gbé dání, torí àwọn márùn-ún yẹn lè gba gbogbo èyí tó wà níbẹ̀.

Kí Ọlọ́run tì ọ́ lẹ́yìn, kó fún ọ ní oorun tó dùn, kí ohùn rẹ má gbọ̀n lọ́jọ́ náà, kí ohunkóhun tí o bá tún tọ́ láyé yìí pẹ́ fún ọ. Bí wọ́n bá bi ọ́ ní èyí tí o ò mọ̀, wẹ̀yìn wò. Èmi náà ò ní mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n n ó wà níbẹ̀.

Èmi ni bàbá rẹ,
káfíńtà.