Ìbéèrè Kẹsàn-án

Ilé Kejìlá, Willow Fern Lane,
Alief, Houston,
Texas.
Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kẹsàn-án, 2025.

Yẹ́misí, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ojú tí wọ́n ṣe fún wọn ti ń ríran dáadáa? Ìyá ńkọ́? Mo gbọ́ pé wọ́n ti tún ń lọ sí oko ẹ̀gẹ́ wọn. Bá mi sọ fún wọn pé kí wọ́n máa rọra. Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́. Oṣù kẹsàn-án ti dé, síbẹ̀ ooru Houston ò tíì dẹwọ́. Nusaiba ọmọ mi àti ọkọ rẹ̀ ti kó lọ sí Fulshear, wọ́n ní àwọn fẹ́ ilé tó láyè. Bí mo bá fẹ́ rí ọmọ-ọmọ mi báyìí, àfi kí n wakọ̀ fún nǹkan bí ogójì mínítì.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ sọ fún ọ. O mọ̀ mí, ohun tí mi ò bá rí ìdí rẹ̀ kì í jẹ́ kí oúnjẹ dùn lẹ́nu mi. Ẹgbẹ́ aláàánú kan wà ládùúgbò wa tí àwa ìdílé Mùsùlùmí láti ilé dá sílẹ̀. Ní gbogbo Sátidé, a máa ń kó àwọn ọmọ jọ, a ń fún wọn lóúnjẹ, a sì ń kọ́ wọn ní ìṣirò àti kéwú. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, Alhaji Rahmon, alága wa, ní kí n wá máa bójú tó ààbò àwọn ọmọ. Mo rò pé géètì ni wọ́n fẹ́ kí n máa tì. Àṣé iṣẹ́ fóònù ni. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wà pẹ̀lú àwọn ọmọ, mo gbọ́dọ̀ pe ẹni mẹ́ta tó mọ̀ ọ́n, kí n bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́sàn-án tó wà nínú ìwé kan. Èyí tó kẹ́yìn ni pé ṣé wọ́n á tún fẹ́ kí ẹni náà wà láàárín àwọn ọmọ tiwọn. Mo kọ́kọ́ ka ìyẹn sí ìbéèrè tí kò wúlò, torí gbogbo èèyàn ló ń dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ní oṣù kẹfà ni Gbóyèga dé. Dallas ló ti kó wá, kò ju ẹni ọdún márùndínlógójì lọ, ó mọ èèyàn kí, ọ̀rọ̀ sì dùn lẹ́nu rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, òun ló ti ń fi mọ́tò gbé ìyàwó Alhaji lọ sí ọsibítù. Ó ní òun á máa kọ́ àwọn ọmọ ní bọ́ọ̀lù, òun á sì máa gbé àwọn tí òbí wọn bá pẹ́ lọ sílé. Inú wa dùn. Níbí, ẹni tí ò ní mọ́tò ò ní ẹsẹ̀.

Mo pe ẹni mẹ́ta tó kọ orúkọ wọn sílẹ̀, gbogbo wọn yìn ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tún ìwé rẹ̀ kà, mo rí i pé ó ti bá àwọn ọmọdé ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì ní ẹgbẹ́ aláàánú kan ní Dallas, kò sì sí ìkankan nínú àwọn mẹ́ta yẹn tó wá láti ibẹ̀. Kí ló dé? Ibi tí èèyàn ti ṣe dáadáa ló yẹ kó kọ́kọ́ tọ́ka sí. Mo wá nọ́ńbà wọn rí, mo pè. Òyìnbó obìnrin kan tó ń jẹ́ Helen, tó ń bójú tó àwọn ọmọ níbẹ̀, ló dá mi lóhùn.

Ó dáhùn ìbéèrè mẹ́jọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó ní Gbóyèga kì í pẹ́ lẹ́yìn, pé àwọn ọmọ fẹ́ràn rẹ̀. Mo bi í ní ìkẹsàn-án. Yẹ́misí, ńṣe ló dákẹ́. Mo ti rò pé fóònù já, àfi bí mo ṣe ń gbọ́ èémí rẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní wọn ò fún òun láṣẹ láti dáhùn ìyẹn. Mo dúpẹ́, mo pa fóònù, mo sì jókòó ti ọ̀rọ̀ náà. Báwo lèèyàn ṣe máa láṣẹ láti sọ pé ẹnì kan kì í pẹ́ lẹ́yìn, tí kò ní láṣẹ láti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni?

Mo lọ bá Alhaji. Wọ́n ní kí n má fi ìdákẹ́jẹ́ òyìnbó ba orúkọ ọmọ ọlọ́mọ jẹ́. Mi ò bá wọn jiyàn, ṣùgbọ́n mo ní mi ò tíì lè fọwọ́ sí i. Lọ́jọ́ kejì, mo tún pe Helen. Mo ní kó jẹ́ ká gbé ìwé ìbéèrè náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Tó bá jẹ́ ọmọ-ọmọ yín ni, ṣé ẹ máa jẹ́ kó gbé e sínú mọ́tò rẹ̀?"

"Rárá," ló sọ, kò tiẹ̀ ronú.

Ó wá tú u palẹ̀. Gbóyèga ra fóònù fún ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́sàn-án kan, ó ní kó má sọ fún ìyá rẹ̀. Ó sì máa ń gba ọ̀nà tó jìn gbé e lọ sílé, òun àti ọmọ náà nìkan. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ta sí àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ wọn létí, wọ́n ní kó rọra máa lọ, kí orúkọ ẹgbẹ́ má bàa bàjẹ́. Wọ́n ní kí Helen pa ẹnu rẹ̀ mọ́. Ẹkún ló fi sọ ọ́ tán.

Mo padà lọ rò ó fún Alhaji. Wọ́n bọ́ fìlà, wọ́n gbé e lé orúnkún. Méjì nínú àwọn ọmọ-ọmọ wọn ló ń wá sọ́dọ̀ wa ní Sátidé. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n bi mí: "Làdíátù, ta la máa pè?"

A ò pe Gbóyèga ká máa wádìí lẹ́nu rẹ̀, torí wọ́n ti kọ́ mi pé ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ wa. Òfin ibí ni pé ẹni tó bá ti fura pé ẹnì kan ń pa ọmọdé lára gbọ́dọ̀ sọ fún ìjọba. Nọ́ńbà ìjọba yẹn ni mo pè láti ilé Alhaji, wọ́n jókòó tì mí títí mo fi parí. Helen náà pè lọ́jọ́ náà, bó tilẹ̀ ń bẹ̀rù pé iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ òun. Nígbà tí Alhaji wá sọ fún Gbóyèga pé kò ní lè bá àwọn ọmọ ṣiṣẹ́, kò bèèrè ìdí. Ìyẹn yà mí lẹ́nu ju gbogbo rẹ̀ lọ. Kò tún wá mọ́. Àwọn kan ní mọ́sáláṣí ò dáhùn kíkí mi fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, wọ́n ní mo fi fóònù lé ọmọlúàbí lọ. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, àmọ́ etí lèmi fi ṣọ́ tèmi, mi ò sì kábàámọ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni Helen pè mí. Àwọn ọlọ́pàá ti dé ilé ọmọ náà, ìgbà náà ni ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́. Ọmọ náà, tó ti pé mọ́kànlá báyìí, sọ gbogbo ohun tójú rẹ̀ rí. Wọ́n ti mú Gbóyèga. Helen wá sọ ohun kan tí mi ò tíì lè gbé kúrò lọ́kàn.

"Ibi méjì ni wọ́n ti pè mí lórí rẹ̀ ṣáájú yín," ó ní. "Bí mo bá ti dákẹ́, wọ́n á dúpẹ́, wọ́n á pa fóònù. Ẹ̀yin nìkan lẹ tún padà pè."

A ti sọ ibi méjèèjì fún ọlọ́pàá. Síbẹ̀ mò ń ronú pé èmi náà dúpẹ́, mo sì pa fóònù lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Nínú lẹ́tà rẹ, o ní ìjọ yín ti rí ọkùnrin kan tó máa kó àwọn ọmọ lọ sí àgọ́ ìsinmi, pé onínúure ni. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Mo kàn fẹ́ mọ̀ ni: níbo ló ti ṣiṣẹ́ rí? Ta lẹ pè níbẹ̀? Bí ẹni náà bá dákẹ́, Yẹ́misí, má pa fóònù.

Bá mi kí ọkọ rẹ àti Ìyá, kí o sì fọwọ́ ra àwọn ọmọ lórí fún mi.

Tìrẹ ni mí títí,
Làdíátù.